Àṣàkẹ́, Fi Ìwé Ilẹ̀ Bàbá Rẹ Sílẹ̀

Jókòó, Àṣàkẹ́. Fa àpótí yẹn sún mọ́ mi, kí o bu ẹ̀gúsí díẹ̀ sínú àwo rẹ kí a jọ máa bó o. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdúró.

Àbúrò mi tó bí ọ wá síbí lánàá. Kò tíì mu omi tí mo gbé fún un tó fi fa ìwé ilẹ̀ yọ lápò: ilẹ̀ ọ̀nà Ayétẹ̀, ilẹ̀ tí bàbá tiwa fi ẹ̀gẹ́ àti bàrà orí rẹ̀ tọ́ ọmọ mẹ́sàn-án. Ó ní yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà ti gbà ọ́ wọlé, pé sóṣíà wọ́ọ̀kì lo fẹ́ lọ gba máásítà nínú rẹ̀, iṣẹ́ tí àwa ará ìlú mọ̀ sí iṣẹ́ wẹ́fíà. Ó ní owó ló kù, pé òun yóò sì ta ilẹ̀. Mo bi í pé, "Ṣé Àṣàkẹ́ ló ní kí o tà á?" Kò fèsì. Ó kàn ń fi àtàńpàkò pa etí ìwé náà. Ìdákẹ́ yẹn ni kò jẹ́ kí n fojú kan oorun mọ́jú.

Má tíì dá mi lóhùn. Mo mọ̀ pé o kò fẹnu ara rẹ sọ pé kí wọ́n ta ilẹ̀. Ṣùgbọ́n o gbé lẹ́tà lé bàbá rẹ lọ́wọ́, o jókòó tì í, o ń sunkún. Kí ni bàbá tó fẹ́ràn ọmọ yóò ṣe nígbà tí ọmọ náà bá ń sunkún níwájú rẹ̀? Yóò ta ara rẹ̀ bí ó bá rí ẹni tí yóò rà á. Ohun tó bí mi nínú nìyẹn, ọmọ mi. Ta ló ní kí o má lọ? Pé o ti di ẹrù kí o tó béèrè ọ̀nà ni mo ń bá ọ wí sí.

Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ yẹn ní kí o fi 30,000 dọ́là hàn fún ọdún àkọ́kọ́, kí wọ́n tó fún ọ ní ìwé I-20 tí o máa gbé lọ sí ẹ́ḿbásì. Ọdún méjì sì ni ẹ̀kọ́ náà. Kí oṣù Okúdù 2023 tó dé, tí ìjọba kò tíì jọ̀wọ́ náírà kí ọjà máa gbé e kiri, bí 460 náírà ni báńkì ń ṣẹ́ dọ́là kan. Owó yẹn ìbá jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 14 náírà. Bí a bá ṣẹ́ ẹ ní 1,500, mílíọ̀nù 45 ni. Fún ọdún kan péré! Bí a bá ta ilẹ̀ bàbá rẹ tòun ti igi káṣú tó wà lórí rẹ̀, kò lè gbọ́ bùkátà oṣù mẹ́rin. Nígbà tí oṣù mẹ́rin bá pé, o wà nínú òtútù láìsí owó, bàbá rẹ wà ní Ìdèrè láìsí oko. Ṣé ohun tí o fẹ́ nìyẹn?

"N ó ṣiṣẹ́ tí mo bá débẹ̀, Àǹtí." Mo ti gbọ́. Iṣẹ́ wo? Òfin wọn ni pé akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gba físà F-1 kò gbọ́dọ̀ ṣe ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́, inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò sì ti ṣe é.

Mo pe ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ yìí gan-an lókè òkun. Mo ní kó là á yé mi ní Yorùbá. Ó ní ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa kì í mọ̀ kí wọ́n tó náwó ni pé máásítà sóṣíà wọ́ọ̀kì ní Amẹ́ríkà kò rí bíi ti àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ kẹ́míkà tàbí ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n tàwọn yẹn ní owó ìwádìí lọ́wọ́, ó ń wá ẹni tí yóò bá a ṣiṣẹ́, nítorí náà á san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ náà, á sì fi owó oúnjẹ lé e. Ní tìrẹ, ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni, bí ìgbà tí ọmọ bá lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Wọn yóò rán ọ lọ sí ilé ìwòsàn, sí ilé-ìwé, sí ilé àwọn arúgbó, láti lọ ṣe é lójú ọ̀gá. Ó kéré tán wákàtí 900 ni wọ́n ń béèrè kí oyè tó jẹ́ tìrẹ, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ni kì í sì í san kọ́bọ̀. Àkókò tí o bá rò pé o máa fi wá owó, ibẹ̀ ló ń bá lọ. Owó tí ìjọba wọn ń yá akẹ́kọ̀ọ́ kò kan àlejò tó fi físà akẹ́kọ̀ọ́ wọlé. Àṣàkẹ́ mi, ọjà ẹran lo gbé agbọ̀n lọ láti ra iyọ̀.

Mo bi ẹ̀gbọ́n rẹ pé níbo wá ni iyọ̀ wà? Ó ní ní ti oyè dókítà, PhD, ọ̀pọ̀ yunifásítì níbẹ̀ kì í gba owó ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá mú. Wọn a tún máa fún un ní owó oṣù, kó lè máa kọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kó sì máa bá ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe ìwádìí. Àmọ́ púpọ̀ nínú wọn ń wá ẹni tó ti ní máásítà, tó sì ti fi bí ọdún méjì ṣe iṣẹ́ náà láàárín ènìyàn. Mo ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni kò jẹ́ kí ọmọ yìí lọ gba máásítà ní Ìbàdàn? Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yẹn wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ó wà ní Èkó, ó wà ní Nsukka.

Mo rí ọ! Mo rí bí o ṣe yọ ètè. Ìbàdàn kò tó ọ mọ́, àbí? Ìbàdàn tí o ń yọ ṣùtì sí yẹn, láti 1963 ni wọ́n ti gbé ètò ìlera Ìbàràpá kalẹ̀ sí Igbó-Ọrà, tí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ń wá gbé ibẹ̀, kí wọ́n lè rí àìsàn nínú ilé aláìsàn àti nínú oko rẹ̀, kí wọ́n má kàn máa rí i lórí bẹ́ẹ̀dì nìkan. Ọ̀nà yẹn ni wọ́n gbà mọ Ìdèrè. Ọ̀nà yẹn sì ni ọ̀rọ̀ ìwé tí o kọ láti fi wá àyè sí yunifásítì yóò gbà wọlé.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti kà á. Bàbá rẹ mú un wá pẹ̀lú ìwé ilẹ̀. Mo fi jígí mi kà á lẹ́ẹ̀mejì. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ní láti kékeré ni o ti nífẹ̀ẹ́ láti máa ran àwọn ènìyàn lọ́wọ́. Ta ni kò lè kọ èyí? Ọmọ tí wọ́n bí sí Kánádà lè kọ ọ́, ọmọ tí wọ́n bí sí Íńdíà lè kọ ọ́. Mo wá Ìdèrè láti òkè ìwé náà dé ìsàlẹ̀, n kò rí i. Ojú ewé méjì gbáko! Ohun tí o kọ ni "abúlé kan ní Áfíríkà". Abúlé, Àṣàkẹ́? Ìlú tó ní Onídèrè lórí ìtẹ́, ìlú tó jẹ́ ọ̀kan nínú Ìbàràpá méje? Ibẹ̀ gan-an ló ti dùn mí jù, ó dùn mí ju ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lọ.

O mọ̀ pé mo rán asẹ́ sòbìà rí, ṣùgbọ́n o kò bi mí léèrè rí. Wàyí o, bó ẹ̀gúsí rẹ, kí o gbọ́.

Láàárín ọdún 1980 sí 1990, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ọ̀gá mi, sòbìà kì í jẹ́ kí Ìdèrè sinmi. Kì í pa ènìyàn kíá. Ó ń dè é mọ́lẹ̀ ni. Ìwọ á mu omi àdágún lónìí, ọdún kan gbáko yóò kọjá, o ti gbàgbé. Lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ á wú, á máa jó bí iná, á lé ròrò, kòkòrò funfun tó gùn bí okùn òwú á sì yọ orí níbẹ̀. Òmíràn a tó mítà kan. Kò sí oògùn tí wọ́n ń lò sí i, títí di òní olónìí. Igi kékeré ni a fi ń ká a, díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́. Bí ó bá já sínú, ìyà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jó, omi tútù ló ń sá lọ bá. Bó bá ti ti ẹsẹ̀ bọ omi, kòkòrò náà á tu ọmọ rẹ̀ sínú omi tí gbogbo ìlú ń pọn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá fà ló ń burú jù. Mo mọ ilé tí bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta jọ wà lórí ẹní, tí ẹ̀gẹ́ wọn ń jẹrà nínú ilẹ̀. Ìyá tó bí bàbá rẹ, oṣù mẹ́ta ló fi ń wọ́ ìdí láti orí ẹní dé ìdí ààrò. Ta ló ń pọn omi? Ta ló ń dáná? Bàbá rẹ ni. Ó pa ilé-ìwé tì fún odindi sáà kan. Kò sọ fún ọ rí, nítorí pé kò fẹ́ kí o rò pé ìyá òun jẹ òun ní gbèsè. Bàbá tó ń ta ilẹ̀ nítorí rẹ nìyẹn.

Àwọn ará Ìbàdàn wá dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Joshua Adéníyì wà nínú wọn, òyìnbó Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ William Brieger náà wà níbẹ̀, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ohun tí mo rí lọ́wọ́ wọn, n kò lè gbàgbé rẹ̀. Wọn kò fi ìbáwí bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bi àwọn àgbà pé kí ni sòbìà, níbo ló ti ń wá? Àwọn àgbà ní inú ara ọmọ ènìyàn ló ń gbé, pé kò sí ẹni tí kò ní in. Wọ́n gbọ́ ọ tán kí wọ́n tó sọ tiwọn. Wọ́n yan ènìyàn láàárín wa, títí dé àwọn ará abà, wọ́n kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa tọ́jú ará ìlú. Aṣọ ọ̀rá kan sì dé, tí ojú rẹ̀ há tó bẹ́ẹ̀ tí kòkòrò inú omi tó ń gbé ọmọ sòbìà kiri kò lè gbà á kọjá. Àwa télọ̀ ìlú ni wọ́n kó o fún láti fi rán asẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera abẹ́lé sì ń tà á láti ojúlé dé ojúlé. Ọwọ́ tó ń bó ẹ̀gúsí yìí rán an títí ìka fi bó.

Gbọ́ ohun tí ìdí ẹ̀rọ kọ́ mi. Ìyá kan á wá, á yẹ asẹ́ wò, á fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ọkọ kò ní fún un lówó. Ìyá mìíràn á ra tirẹ̀, á máa sẹ́ omi ilé, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ ń mu omi oko láìsẹ́ ẹ. Òmíràn, ìyálé ló gbé asẹ́ pamọ́ fún ìyàwó. Asẹ́ wà, ìmọ̀ wà. Ẹni tí yóò wọlé tọ bàbá yẹn lọ ló kù, ẹni tí yóò pe ìyálé sẹ́yìn ilé, tí yóò bá baálẹ̀ abà sọ̀rọ̀ kí a má ṣe jẹ́ kí ẹlẹ́sẹ̀ sòbìà wọ odò mọ́. Àwọn kan ṣe é, láìsí oyè, láìsí físà. Orúkọ wo ni ìwé rẹ pe iṣẹ́ yẹn, bí kì í bá ṣe sóṣíà wọ́ọ̀kì?

Ní 1989, Susan Watts, Brieger yìí kan náà àti May Yacoob tẹ ìwádìí kan jáde lórí ohun tí sòbìà ń ṣe fún àwọn ìyá, fún ìdílé àti fún ìlú. Àwọn ìyá ilẹ̀ wa ni wọ́n tọ̀ lọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ òkèèrè ti kà nípa ìyà tó jẹ ìran rẹ. Ìwọ tí o jẹ́ ọmọ ọmọ ẹni tó wọ́ ìdí kò kọ gbólóhùn kan nípa rẹ̀. Adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tí sòbìà mú káàkiri Nàìjíríà ní nǹkan bíi 1988, wọ́n lé ní 650,000. Jimmy Carter dá sí i, Gowon rìn kiri nítorí rẹ̀. Ọdún 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn, ní 2013 Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé ó ti tán nílẹ̀ wa. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Omi tó mọ́ ni, àti ènìyàn tó ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀.

O ń nu ojú. Nù ún, kò burú. Mo kúkú nífẹ̀ẹ́ rẹ ju bí mo ṣe ń pariwo lé ọ lórí lọ.

Àwọn tó ní owó tí o ń wá, ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni ẹni tí o fẹ́ lọ kọ́ ọ fún. Wo Chevening ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ó ti wà láti 1983. Wọ́n ń san owó ilé-ẹ̀kọ́, owó ọkọ̀ òfurufú àti owó oúnjẹ fún máásítà ọdún kan. Wọ́n ń béèrè wákàtí 2,800 lẹ́nu iṣẹ́, ìyẹn bí ọdún méjì, ìwọ sì ti ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ aláìlẹ́bí ní Ìbàdàn lẹ́yìn tí o ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán. Oṣù Ògún ni wọ́n sábà máa ń ṣí i, tí wọ́n á tì í nínú oṣù Ọ̀wàrà, wọn kì í sì í gba owó fọ́ọ̀mù. Wọ́n á ní kí o padà wá ṣe ó kéré tán ọdún méjì nílé. Ẹ̀gbọ́n rẹ wá ní kí n kì ọ́ nílọ̀ kan: máásítà tó ń sọni di sóṣíà wọ́ọ̀kà tó forúkọ sílẹ̀ ní England, ọdún méjì ni, owó ọdún kan kò lè bò ó. Bí ó bá jẹ́ pé Ìbàràpá lo fẹ́ padà sí lóòótọ́, máásítà ọdún kan lórí ètò ìgbáyégbádùn ará ìlú tàbí ìdáàbòbò ọmọdé yóò ṣe é. Bí ó bá sì jẹ́ pé ibẹ̀ lo fẹ́ jókòó sí, sọ fún mi báyìí kí n mọ̀. Má purọ́ fún ẹni tó fẹ́ ná owó lé ọ lórí.

Èkejì ni Erasmus Mundus ti àwọn ará Yúróòpù. Ètò kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní MFAMILY, sóṣíà wọ́ọ̀kì lórí ìdílé àti ọmọdé ni odindi rẹ̀. Lisbon, Stavanger ní Norway, Gothenburg ní Sweden àti Makerere ní Uganda ni wọ́n da ọwọ́ pọ̀ ṣe é. Ẹni tí Erasmus Mundus bá fún ní owó ẹ̀kọ́ kì í san owó ilé-ẹ̀kọ́, yóò sì máa gba 1,400 yúrò lóṣù fún ọdún méjì. Lọ wo ìgbà tí wọ́n tún máa gba fọ́ọ̀mù. Àwọn tó ń díje pọ̀, mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí fọ́ọ̀mù Ìbàdàn wà lọ́wọ́ rẹ pẹ̀lú, kí ọdún má baà lọ lórí ìrètí.

Àwọn ájẹ́ǹtì tó ń pè ọ́ lórí fóònù, má gbé e mọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan san owó ìyá rẹ̀ fún ọ̀kan nínú wọn lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, títí di òní a kò rí ẹni náà, a kò rí owó. Ẹni tó bá ní òun yóò bá ọ gba sìkọ́láṣípù bí o bá san nǹkan kọ́kọ́, olè ni.

O bi mí pé ṣé iṣẹ́ yóò wà tí o bá padà dé. Àṣàkẹ́, òru tó mọ́jú ọjọ́ 6 oṣù Okúdù 2021, o wà nílé nígbà tí ìròyìn Ìgàngàn dé. Àwọn agbébọn wọ ìlú, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n dáná sun ilé, wọn ò yọ ààfin sílẹ̀. Àwọn olóṣèlú wá, àwọn oníròyìn wá, wọ́n ya fọ́tò. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, ọmọ tó rí ikú bàbá rẹ̀ ṣì gbọ́dọ̀ sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àti ní alẹ́ ọjọ́ kejì, àti ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé láti 2006. Òfin kò lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ilé ẹnikẹ́ni. Ìwọ béèrè iṣẹ́? Iṣẹ́ pọ̀ láti ibí dé Èrúwà, owó oṣù rẹ̀ ló lè má pọ̀. Ìyẹn ni kí o rò dáadáa kí o tó forúkọ sílẹ̀ níbikíbi, torí n kò ní tàn ọ́ jẹ.

Ní ti ilẹ̀, mo ti gba ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ. Ó wà lọ́dọ̀ mi. Ohun tí a lè ṣe, a ó ṣe é: n ó kó àjọ mi tó ń bọ̀ lóṣù yìí fún owó IELTS àti owó ìwé ẹ̀rí láti yunifásítì rẹ, bàbá rẹ yóò tọ́jú owó ọkọ̀. Ìyẹn kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Bí wọ́n bá ní o kò yege lọ́dún yìí, oko ṣì wà, a ó gbin ẹ̀gẹ́, o ó tún kọ òmíràn lọ́dún tó ń bọ̀.

Ìyá kan wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò yìí tí sòbìà mú ní orúnkún nígbà ayé ọmọge rẹ̀. Orúnkún náà gan, kò tẹ̀ mọ́ títí di òní. Òun ni mo kọ́kọ́ rán asẹ́ fún. Ọ̀la ni a jọ máa lọ kí i, kí oòrùn tó mú. Kúnlẹ̀ kí i dáadáa, má fa fóònù yọ bí o bá ti dé ẹnu ọ̀nà. Bi í pé ta ló ń bá a gbé ọmọ rẹ̀ nígbà tí kò lè dìde, kí o jẹ́ kó sọ ọ́ bó ṣe fẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé títí di ọ̀sán ni. Tí a bá padà dé, kí o ya ojú ewé méjì tí o kọ yẹn kí o tó mú bírò.

Ó tó. Gbé àwo yẹn wá, jẹ́ kí n rí iye tí o bó.